Ọ̀dà Abẹ́ Dáṣíbọ́ọ̀dù

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí pé ó lọ́ra. Àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo àti ẹni tó ń wo ibi tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé. Rìwáyà ni, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Kí á sì tètè là á yé ara wa: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fi eyín bó wáyà lábẹ́ igi ni rìwáyà. Jẹ́jẹ́ kì í fi eyín bó wáyà. Ó ní ẹ̀mú kékeré kan fún iṣẹ́ yẹn, ó sì máa ń nù ún kó tó dá a padà sára ògiri, níbi tó ti ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sọnù, ògiri fúnra rẹ̀ ni yóò fẹjọ́ sùn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàrin rẹ̀ àti kíṣìnnì ìyá rẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ó máa ń gbọ́ ìró ṣíbí nínú ìkòkò; bí ìyá rẹ̀ bá wà nídìí iná, ó máa ń gbọ́ ìró sípánà. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń mọ̀ pé ara ẹnì kejì le, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè.

Ọkọ̀ Bàbá wà ní ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀bù náà, lábẹ́ páànù. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ojú iná rẹ̀ méjèèjì rí roboto bí ojú òwìwí tí wọ́n jí lójú oorun, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ń pa dé pẹ̀lú ìró tó kún, kì í ṣe ìró agolo tí àwọn ọkọ̀ òde òní ń dún. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Bàbá nígbà ayé rẹ̀. Àlòkù ló ra ọkọ̀ náà, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí. Bàbá kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ló fi kùn ún fúnra rẹ̀ nínú ọgbà, ìpele lórí ìpele, tó ń fi sáńpépà ra ìpele kọ̀ọ̀kan kó tó kun òmíràn lé e, títí ènìyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀ kó sì ya irun. Àwọ̀ ewé ni, bíi ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Láti ìgbà náà ni òfin kan ti wà nínú ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ha ọ̀dà ọkọ̀ Bàbá. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wà ní kékeré, ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ọkọ̀ náà. Orí ìdúró ló ti jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí ìdí rẹ̀ kò gba àga.

Bàbá ti kú, ṣùgbọ́n òfin kò kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá a máa gbé ìyá Jẹ́jẹ́ jókòó níwájú, wọn a gun òkè ilé ìwòsàn lọ, wọn a gba etí odò, wọn a sì padà wálé. Wọn kì í lọ kí ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í ra nǹkan kan. Wọ́n kàn ń lọ ni. Nígbà tí Bàbá dolóògbé, Jẹ́jẹ́ bọ́ sídìí ọkọ̀, ìyá rẹ̀ sì jókòó síbi tó ti ń jókòó láti ìgbà tó wà ní ìyàwó, ọwọ́ rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń fọwọ́ tu ẹṣin nínú.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú, pàápàá bó bá ń gun òkè. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mu epo jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tí ọkọ̀ kò rí mu tán ló ń tú jáde ní ìdí rẹ̀ tó ń di èéfín. Òórùn èéfín náà ń wọnú ọkọ̀, ìyá Jẹ́jẹ́ sì ń wúkọ́. Ó ń wúkọ́ tán, á ní eruku ni. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn orí òkè yẹn, wá wo ìyá wọn, ó sì rí dúdú èéfín lára ìborùn funfun tí ìyá náà fi jáde.

"Màámi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n—"

"Kí n jẹ́ kí o ṣe kí ni? Ọkùnrin kan wà tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Ó ti ní òun máa rà á. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí ló ń bọ̀. Inú ilé tó tutù ló máa gbé e sí, wọ́n á máa wò ó."

"Bí ẹja inú ìgò?" ìyá wọn béèrè láti kíṣìnnì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹja inú ìgò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́."

Jẹ́jẹ́ kò lè bá a jiyàn. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí, ni Bàbá fi ọkọ̀ náà sí, ohun tó sì rí lára ìborùn yẹn kì í ṣe irọ́. Nọ́ọ̀sì kì í pariwo, kì í sì í halẹ̀. Ohun tó bá ti sọ, bí ìgbà tí wọ́n gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ni, ó ti wọlé. Ohun tí Jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó jẹ́ kí òun tún ọkọ̀ náà ṣe kí ọkùnrin yẹn tó dé.

Nọ́ọ̀sì yọ áńkáṣíìfù funfun kan nínú báàgì rẹ̀. "Ó dáa. Kó tó gbé e lọ, màá fi èyí bo ẹnu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde. Tó bá dúdú, ọkọ̀ lọ. Tí kò bá dúdú, ó kù sí ọwọ́ yín."

Ó dájọ́, ó sì dá a ire. Ṣùgbọ́n ara Jẹ́jẹ́ kò balẹ̀.

Ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà ṣe láti ayé Bàbá ni mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Onímú. Kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi. Imú ló fi ń ṣiṣẹ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, yóò fa èéfín rẹ̀ símú díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, yóò wá sọ bóyá epo pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, yóò sì lọ yí ìdè kékeré ara kábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni imú yẹn ti wò sàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bàbá kì í rú èéfín lórí ìdúró tó bẹ́ẹ̀. Òkè ni kò lè gùn láìrú èéfín.

"Bọ̀dá mi," ni Jẹ́jẹ́ wí fún un, "imú yín ò lè sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ gun òkè."

"Ẹsẹ̀ mi ni ò lè sáré. Má fi kan imú mi."

Ìdí nìyẹn tí Jẹ́jẹ́ fi ra sẹ́ńsọ̀ kan. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ó sì jọ púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì, àfi pé wáyà pọ̀ ní ìdí rẹ̀ bí irun ọ̀gbọ̀. Inú páìpù èéfín ni wọ́n ń dè é sí. Yóò wà níbẹ̀, yóò máa wo èéfín tó ń kọjá, yóò sì máa ṣírò afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ orí ìdúró, ìbáà jẹ́ orí eré. Àpótí kékeré kan wà tí yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ojú aago kan ní iwájú awakọ̀. Bí aago náà bá kọ mẹ́rìnlá àti díẹ̀, oúnjẹ ẹ́ńjìnì ṣe déédéé. Bí ó bá lọ sílẹ̀, epo pọ̀ jù. Bí ó bá lọ sókè, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù.

Onímú gbé e sọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì fi símú.

"Kò lóòórùn kankan," ló wí. "Èyí tí kò lóòórùn ló fẹ́ wá kọ́ mi ní òórùn. Jẹ́jẹ́, bí ọmọdé bá ní sẹ́ńsọ̀ bí àgbà, kò lè ní imú bí àgbà."

"Ẹ̀yin gan-an ò ní sẹ́ńsọ̀, Bọ̀dá."

"Èmi ni sẹ́ńsọ̀."

Wọ́n ṣiṣẹ́ náà pa pọ̀ ṣá. Jẹ́jẹ́ tú páìpù èéfín kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ó sì gbé e léjìká lọ bá wẹ́dà tó ń jó irin ní òpópónà kejì, nítorí pé kò fẹ́ kí iná wẹ́dà kankan ta sí ìtòsí ọ̀dà Bàbá. Wẹ́dà lu ihò sára páìpù náà, ó sì jó òrùka irin kan mọ́ ojú ihò náà, níbi tí sẹ́ńsọ̀ yóò dúró sí. Ó fẹ́ jó o sí ìsàlẹ̀ páìpù, kó má bàa hàn. Jẹ́jẹ́ dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Omi máa ń wà nínú páìpù èéfín bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bí a bá sì dojú sẹ́ńsọ̀ sókè láti ìsàlẹ̀, inú rẹ̀ ni omi náà yóò kóra jọ sí, yóò sì pa á. Òkè ni a ń dè é sí, kó dagun díẹ̀, kí omi lè máa ro kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó padà délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà. Kò lu ihò tuntun kankan sára ọkọ̀. Ihò tí okùn aago eré gbà wọlé láti ìdí ẹ́ńjìnì ló fi wáyà tirẹ̀ gbà, ó sì fi rọ́bà wé e kí etí irin má bàa jẹ ẹ́. Ó fi fíúsì sójú ọ̀nà iná. Ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́, kí sẹ́ńsọ̀ má bàa máa gbóná nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sùn. Gbogbo ojú ìsopọ̀ ló fi òjé lẹ̀ pọ̀, tó sì bò. Ẹni bá rí i yóò rò pé irun ìyàwó ló ń dì.

Ó wá ku ẹ́ẹ̀tì. Wáyà tó ń mú iná wá kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Iná gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sílé, ara irin ọkọ̀ ni ọ̀nà ìpadàbọ̀ yẹn, ìyẹn là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Irin náà sì gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò. Ohun tí Jẹ́jẹ́ máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ nìyí: ọ̀dà àti ẹ́ẹ̀tì kì í gbé inú ilé kan. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì. Ìdè kan wà níbẹ̀ tí Bàbá fi de ẹ́ẹ̀tì rédíò àti ti iná iwájú. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ló yí i ká. Àní abẹ́ ibẹ̀, tí ojú kankan kì í dé, wọ́n kùn ún, ó sì dán. Irun búrọ́ọ̀ṣì ẹyọ kan há sínú ọ̀dà náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Sáńpépà wà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Ó wo irun búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi sáńpépà sápò. Ó de wáyà rẹ̀ mọ́ ìdè Bàbá, lórí ọ̀dà, ó sì fún un le dáadáa. Rédíò ti ń kọrin lórí ìdè yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Kí ni sẹ́ńsọ̀ kékeré fẹ́ jẹ tí rédíò kì í jẹ? Bí ọkọ̀ oníbàárà bá ni, kò jẹ́ ṣe é láé. Ó sì mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ náà ní iná amúgbóná nínú tó ń fa agbára ju rédíò lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìdí tó jẹ ẹgba nítorí ọ̀dà kì í gbàgbé.

Nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnì, tí sẹ́ńsọ̀ gbóná, aago kọ mẹ́rìndínlógún.

"Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù," Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ fún un lépo, Bọ̀dá."

Onímú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ó fa òórùn símú, ó tún un fà. "Epo ló pọ̀ jù níbí."

"Aago ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Bọ̀dá, torí ká lè mọ òótọ́ la ṣe ra nǹkan yìí."

Onímú nà dìde, ó mú sukurudiráfà, ó sì fún un lépo. Aago sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó tún fún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, èéfín dúdú sì bo ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ yọjú láti kíṣìnnì pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ̀ ń tún un ṣe ni àbí ẹ̀ ń sè é?"

"Màámi, ẹ bi ọmọ yín," Onímú dáhùn. Ó nu ọwọ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. "Mo ń lọ sílé. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Èyí tí ẹ fẹ́ fi ro ó yìí, ẹ máa fi fa imú ya. Jẹ́jẹ́, ó dàárọ̀. Ìwọ àti aago ẹ, ẹ sùn ire."

Jẹ́jẹ́ dá jókòó sínú ọkọ̀. Kì í ṣe ìbínú Onímú ló ń dùn ún, nítorí ìbínú Onímú kì í kọjá ìdí oúnjẹ. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ń sún mọ́lé, ọkọ̀ sì ti wá burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, Nọ́ọ̀sì yà wá láti ibi iṣẹ́, tòun ti bàtà funfun rẹ̀. Ó bá àbúrò rẹ̀ lórí àga awakọ̀, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, àbúrò ń wo aago bí ẹni tó ń wo ojú ẹlẹ́jọ́.

"Sún sọ́hùn-ún," ló wí, ó sì jókòó sídìí ọkọ̀. "Kí ni eléyìí ń sọ?"

Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún un: aago ní epo kéré, imú Onímú ní epo pọ̀, èéfín sì ń ti imú lẹ́yìn.

"Inú ibí ṣókùnkùn, n ò rí nǹkan." Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó sì tan iná iwájú ọkọ̀. Aago fò láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún. Ó pa iná. Aago padà. Ó tún un tàn, aago tún fò. Ó bojú wo àbúrò rẹ̀.

"Ṣé iná iwájú ń bá ẹ́ńjìnì jẹ epo ni?"

"Rárá o."

"Tí mo bá fi ẹ̀rọ ìgbóná ara sẹ́nu aláìsàn, tí ẹnì kan tan iná yàrá, tí ìgbóná ara aláìsàn wá lọ sókè, mi ò ní fún aláìsàn lóògùn. Ẹ̀rọ ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Gbogbo ara Jẹ́jẹ́ ti mọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀. Iná iwájú àti sẹ́ńsọ̀ ń du ojú ọ̀nà kan náà padà sílé, ọ̀dà sì ti dí ojú ọ̀nà náà dé ìdajì. Iná tí kò rí ọ̀nà lọ ń gbá jọ síbẹ̀, ìyẹn ló ń gbé aago sókè tó ń mú un parọ́. Ó pa ẹ́ńjìnì. Ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìjáde.

"Kí lo rí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Ọ̀dà Bàbá."

Ìyá wọn ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnnì. "Kí ló ṣe ọ̀dà Bàbá?"

Jẹ́jẹ́ jáde wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì ròyìn fún un. Ó ní òun lè fa wáyà gígùn lọ sí bátìrì, kí sẹ́ńsọ̀ gba ibẹ̀ padà, kí òun má fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n iná iwájú yóò ṣì wà lórí ìdè yẹn, iná náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó jọ pé kò mọ́lẹ̀ dáadáa rí. Ohun tó yẹ ni kí á ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò díẹ̀, kò ju fífẹ̀ bọ́tìnnì lọ. "Ó sì yẹ kí n ti ṣe é látàárọ̀. Ọwọ́ mi ni ò gbà."

Ìyá náà wò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ wò ó, iná yìí. Gbogbo ọjọ́ tá a bá pẹ́ níta, bàbá yín á yọ orí síta láti ojú fèrèsé, á ní ìlú yìí ti ṣókùnkùn jù, ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo máa ń bá a wo ọ̀nà. 'Kòtò wà lápá òsì. Ewúrẹ́ ń bọ̀.' Rìwáyà ayé ìgbà náà sọ fún un pé kó ha ọ̀dà yẹn. Ó ní ó sàn kí òun má rí ọ̀nà."

"Bàbá mọ̀?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ó mọ̀ dáadáa. Olórí kunkun ni bàbá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Ó rìn wá sídìí ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Àti pé, ta ló sọ fún yín pé òun ló kun abẹ́ ibẹ̀? Ṣé ọwọ́ bàbá yín lè wọ ibẹ̀ yẹn? Ọwọ́ tó dà bí ṣọ́bìrì. Òun kun òde, èmi kun abẹ́. Oyún ẹ wà nínú mi, Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀, ọ̀dà ń ro sí mi lójú. Èmi ni mo kùn ún. Jẹ́jẹ́, ọkọ mi, mú sáńpépà yẹn wá."

"Màámi, mo lè ṣe é."

"O lè ṣe é látàárọ̀, o ò ṣe é. Mú un wá."

Jẹ́jẹ́ tú ìdè náà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Ìyá wọn kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó sétí àga, ó na ọwọ́ kékeré rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láìwò ó, ọwọ́ náà sì lọ tààrà síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá iyọ̀ nínú kíṣìnnì ara rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ìró sáńpépà. Eruku àwọ̀ ewé ń bọ́ sórí bàtà funfun Nọ́ọ̀sì, kò sì gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí ìyá náà yọ ọwọ́ jáde, irin funfun kan ń dán lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó rí roboto, irun búrọ́ọ̀ṣì ẹyọ yẹn sì ṣì wà níbi tó wà, lẹ́bàá rẹ̀.

"Mo yẹra fún un," ìyá wọn wí. "Ọwọ́ mi mọ ibi tó wà."

Jẹ́jẹ́ de wáyà padà mọ́ irin náà. Wọ́n tan ẹ́ńjìnì, aago kọ mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì tan iná, ó pa á, ó tún un tàn. Aago kò mira. Ṣùgbọ́n ara ògiri tó wà níwájú ọkọ̀ ti mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n sì ń rí àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Jẹ́jẹ́ ti wà ní ẹnu ọ̀nà Onímú.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Imú yín ló jàre. Aago ló ń parọ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ."

Onímú ń rin pákò. Ó tutọ́, ó wò ó. "Mo ti mọ̀ pé o máa wá. Òórùn ẹ ni mo gbọ́ láti ìkòríta." Ó wọlé lọ gbé irinṣẹ́ rẹ̀.

Ó yí ìdè kábúrétọ̀ padà títí aago fi kọ mẹ́rìnlá, imú rẹ̀ sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gun òkè ilé ìwòsàn, Jẹ́jẹ́ nídìí ọkọ̀, Onímú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí aago. Ní ìdajì òkè, aago já wálẹ̀ láti mẹ́rìnlá sí mẹ́wàá, bí òkúta tó já sómi. Onímú yí ọrùn wo ẹ̀yìn, ó rí èéfín dúdú.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí jẹ́jẹ́. "Ibí yìí lo ń sá pamọ́ sí."

Ó mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀: abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀, èyí tó ń wọn epo fún ẹ́ńjìnì lórí eré, ti jẹ tín-ín-rín, kò sì lè dá epo dúró mọ́. Lórí ìdúró, kò sí imú tó lè gbọ́ òórùn ìyẹn. Ó ní irú rẹ̀ tuntun nílé, nínú agolo tí Bàbá fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tí wọ́n tún gun òkè, aago rọra sọ̀ sí mẹ́tàlá, ó sì dúró síbẹ̀, bó ṣe yẹ kó ṣe fún ọkọ̀ tó ń fa ara rẹ̀ gòkè. Nígbà tí wọ́n délé, Onímú na ìka sí aago.

"Èló ni wọ́n ń ta nǹkan yìí?" ló béèrè, ó sì yára fi kún un pé, "Kì í ṣe fún èmi. Ẹnì kan ló bi mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Nọ́ọ̀sì dé kí ọkùnrin ọlọ́kọ̀ àtijọ́ yẹn tó dé. Kò jókòó. Ó ní kí wọ́n tan ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì fi áńkáṣíìfù bo ẹnu sàlẹ́ńsà. Jẹ́jẹ́ di sítíárìn mú. Onímú tó ní òun kàn ń kọjá lọ ni dúró sétí ògiri. Ìyá wọn ti jókòó síwájú ọkọ̀ ní tirẹ̀, ìborùn tí wọ́n ti fọ̀ wà léjìká rẹ̀, ó ń wo iwájú bí ẹni tí ẹjọ́ náà kò kàn.

Nọ́ọ̀sì nà dìde, ó gbé áńkáṣíìfù náà sójú ìmọ́lẹ̀. Àmì kan wà níbẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ìgbà tí tíì bá ta sí aṣọ. Kò dúdú.

"Kò funfun," ló wí.

"Ọkọ̀ tó ti tó bàbá bí," Onímú wí. "Ìwọ náà ti—"

"Bọ̀dá, ẹ má parí ẹ̀."

Ó ká áńkáṣíìfù náà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì wọlé. "Wà á. Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ẹnì kan á wúkọ́."

Wọ́n gun òkè ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ ń ṣú, Jẹ́jẹ́ sì tan iná. Nọ́ọ̀sì na ọrùn láàrin àga méjèèjì, kò wo ọ̀nà, kò wo aago. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ń wò. Wọ́n kọjá ìdajì òkè. Wọ́n dé orí rẹ̀. Ìyá náà la ẹnu.

"Igi wà níbí?" ló béèrè. Ó na ìka sí igi ńlá kan tí iná ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn sí lẹ́bàá ọ̀nà. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń gba ibí kọjá."

Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì. Ó mú fóònù rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tó ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀: kó má bínú, kó má ṣe wàhálà wá mọ́, ọkọ̀ kò sí fún títà, kó lọ wá ẹja mìíràn. Ọkùnrin náà béèrè ẹja wo. Ó ní kó má ṣèyọnu.

Wọ́n yà sí etí odò. Omi ń dán, ẹ́ńjìnì ń dún bí ológbò tó yó, ìyá náà sì gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tó máa ń gbé e lé.

"Kòtò wà lápá òsì," ló wí.

"Mo ti rí i, Màámi."

"Mo mọ̀ pé o ti rí i." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún wí pé, "Ewúrẹ́ ń bọ̀."

Kò sí ewúrẹ́ kankan lójú ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ rọra tẹ bíréèkì.